Ṣàkì Ń Bẹ Ní Róòmù

Ìwé méjì ni ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ tí ó jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ tòní kalẹ̀. Èkíní ti ọwọ́ ìyá kan wá tí ń ta bàtà àti báàgì ní ọjà Balógun ní Èkó. Ó ní òun ń múra àtilọ ra ọjà ní ilẹ̀ Ítálì, pé ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú kò ba òun, ẹ̀rù òtútù kò sì ba òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ilé oúnjẹ wọn ń ba òun gidigidi. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti lọ rí ni ó sọ fún un pé búrẹ́dì àti omi ni òun fi tan ebi jẹ fún odidi ọjọ́ mẹ́fà, nítorí pé òun kò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé oúnjẹ, òun kò sì fẹ́ kí owó ọjà bọ́ sọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ. Ìwé kejì ti ọwọ́ olùkọ́ kan wá ní Iléṣà, ẹni tí ó bi mí bóyá òtítọ́ ni pé àwọn ará Ítálì kò mọ oúnjẹ mìíràn ju makaróònì lọ.

Mo ti dé Róòmù, mo sì ti jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà mo lè dá àwọn méjèèjì lóhùn. Mo fẹ́ kí ìyá wa mọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ kò ṣe àjèjì sí i tó bí ó ti rò. Ètò rẹ̀ ni ó ṣe àjèjì, àti ìwé owó tí wọ́n ń gbé wá ní ìgbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì kò ní fi búrẹ́dì lásán pa ebi ní ìlú tí wọ́n ti ń se ṣàkì.

Orúkọ mẹ́ta ni a sábà máa ń rí lójú ilé oúnjẹ wọn. Ristorante ni ti àwọn ọlọ́lá, níbi tí aṣọ funfun wà lórí tábìlì, tí àwọn agbáwo sì múra bí ọkọ ìyàwó. Trattoria ni ilé oúnjẹ ìdílé: bàbá a máa bẹ nídìí owó, ìyá nídìí ààrò, àwọn ọmọ a sì máa gbé àwo. Osteria, ilé ọtí ni ní àtijọ́, níbi tí ènìyàn ti lè gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ láti ilé kí ó sì ra wáìnì nìkan lọ́wọ́ onílé. Lóde òní àwọn orúkọ náà ti dàrú mọ́ ara wọn. Àwọn ilé olówó gọbọi mìíràn a máa pe ara wọn ní osteria kí ó lè dàbí ẹni pé ti mẹ̀kúnnù ni wọ́n. Ẹ má ṣe fi orúkọ nìkan ṣe ìdájọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ wò. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé kí olóúnjẹ fi orúkọ oúnjẹ àti iye owó rẹ̀ hàn níbi tí ẹni tí ó wà ní ìta ti lè kà á kí ó tó wọlé. Ẹ dúró, ẹ kà á, ẹ ṣírò rẹ̀. Ojú kò tì ẹnikẹ́ni níbẹ̀ láti kà á tán kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí ọkùnrin kan bá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó ń fa àlejò lápá, tí àwòrán oúnjẹ aláràbarà kún ara ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ ní èdè mẹ́fà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọjá lọ. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ dájú pé ọjà gidi ni í ta ara rẹ̀. Irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù ní àwọn gbàgede tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń ya fọ́tò. Bí ẹ bá rin ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré kúrò níbẹ̀, ẹ óo bá ilé tí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ti ń jẹun.

Wọ́n ní àkókò, wọn kì í sì í fi ṣeré. Oúnjẹ ọ̀sán a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀, yóò sì parí ní aago méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ti alẹ́ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Láàárín méjèèjì, iná ààrò ti kú. Kò rí bíi ti wa tí ìyá olóúnjẹ ń bu àmàlà láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa ti ilẹ̀kùn pátápátá ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ẹ máa béèrè.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ kí wọn. Ẹni tí ó bá wọlé bí ewúrẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni, ojú tí àwa náà yóò fi wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò fi wò ó. Wọ́n ń sọ pé “Buongiorno” ní ọ̀sán, wọ́n sì ń sọ pé “Buonasera” bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ẹ má ṣe lọ wá ìjókòó fúnra yín. Ẹ dúró kí wọ́n bi yín pé ẹ̀yin mélòó ni, wọn yóò sì mú yín lọ sí ìdí tábìlì. Ohun kan wà tí ó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Bí ènìyàn bá bá àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ nídìí oúnjẹ, wọn a máa wí fún un pé “Vuole favorire?” Èyí kì í ṣe ohun mìíràn ju “Ẹ wá bá wa jẹun” lọ. Ẹni tí a wí fún kì í sì í jókòó kí ó gbé ṣíbí. Yóò dúpẹ́, yóò sì gbàdúrà kí oúnjẹ náà dùn mọ́ wọn lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń wí pé yóò gba ibi ire. Nígbà tí mo gbọ́ èyí lẹ́nu bàbá arúgbó kan, mo ní, “Háà, bàbá, ẹ kò jìnnà sí wa!” Kò gbọ́ Yorùbá mi, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé oúnjẹ náà. Antipasto ni ohun tí ó ṣáájú oúnjẹ, nǹkan ìtanulára díẹ̀. Primo, èyí tí í ṣe èkíní, ni makaróònì, ìrẹsì àti ọbẹ̀ olómi. Secondo, èkejì, ni ẹran tàbí ẹja. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀fọ́ tàbí ọ̀dùnkún tí yóò tẹ̀lé ẹran, contorno ni ẹ óo tún béèrè, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Dolce ni nǹkan dídùn, lẹ́yìn èyí ni kọfí. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àlejò láàmú nìyí, pàápàá àwa tí òkèlè, ọbẹ̀ àti ẹran wa ń pàdé lórí tábìlì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wọn, òkèlè a ṣáájú, ẹran a tẹ̀lé e, ọ̀kan kì í sì í dúró de èkejì. Ará ilé wa kan wà tí ó jẹ makaróònì rẹ̀ dé ìdajì, tí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ kí ẹran dé kí ó lè jẹ wọ́n pọ̀. Agbáwo rò pé oúnjẹ náà kò dùn ni, ó sì ń bẹ̀ ẹ́.

Kò pọn dandan kí ẹ ra gbogbo rẹ̀. Primo kan àti contorno kan tó ẹni tí ikùn rẹ̀ kò tóbi, kò sì sí agbáwo tí yóò bínú. Èmi kì í kọjá oríṣi méjì.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹnìkan nínú àwọn òbí ọmọ yín bá ń lọ síbẹ̀, ẹ kọ́ ọ ní ìwé kíkà díẹ̀. Ch nínú èdè Ítálì, bíi k ni ó ń dún. Gn, bíi ny ni. Nítorí náà nígbà tí ó bá rí gnocchi, kí ó pè é ní nyọ́ki. Oúnjẹ náà, ọ̀dùnkún tí a gún mọ́ ìyẹ̀fun ni, tí a gé ní kéékèèké tí a sì bọ̀. Ẹni tí ó bá mọ iyán kò ní bá a jà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí mo ń lọ. Àdúgbò kan wà ní Róòmù tí wọ́n ń pè ní Testaccio. Ara òkè kan ni orúkọ náà ti wá, òkè yìí kì í sì í ṣe òkè tí Ọlọ́run dá. Àpáàdì ni. Ní ayé ìjọba Róòmù àtijọ́, inú ìkòkò amọ̀ ńláńlá ni wọ́n ń rọ òróró ólífì sí, tí wọ́n fi ń kó o wá nínú ọkọ̀ ojú omi láti Sípéènì àti àríwá Áfíríkà. Bí wọ́n bá ti da òróró kúrò nínú ìkòkò tán, kò wúlò mọ́. Wọn a fọ́ ọ, wọn a sì to àpáàdì rẹ̀ jọ sí ojú kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó di òkè tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 35, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ẹ̀yin tí ń ta epo, ẹ wo àpẹẹrẹ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ yín fi sílẹ̀!

Lẹ́bàá òkè yìí ni wọ́n kọ́ ilé ìpẹran ńlá kan sí láàárín ọdún 1888 sí 1891. Ibẹ̀ ni ẹran gbogbo ìlú Róòmù ti ń wá títí di ọdún 1975 tí wọ́n fi tì í. Ó jẹ́ àṣà pé kí wọ́n fi ẹran san apá kan nínú owó iṣẹ́ àwọn tí ń bó awọ níbẹ̀. Ẹ má rò pé itan ni wọ́n ń fún wọn. Ìrù ni, orí ni, ẹsẹ̀, ṣàkì, ìfun, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù. Àwọn ará Róòmù ní orúkọ fún ẹran wọ̀nyí: “quinto quarto,” ìyẹn ni pé ìdá karùn-ún nínú ohun tí a pín sí mẹ́rin. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ má bínú sí wọn. Bí àwọn fúnra wọn ti ń sọ ọ́, ìdá kìíní ẹran jẹ́ ti àwọn ìjòyè, èkejì ti àwọn àlùfáà, ẹ̀kẹta ti àwọn tí ọwọ́ wọn tó ẹnu, ẹ̀kẹrin ti àwọn ọmọ ogun. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn wọ̀nyí bá ti kó tiwọn lọ, òun ni ti mẹ̀kúnnù.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà a máa gbé ìdá karùn-ún wọn lọ sí ilé ọtí tí ó wà nítòsí, àwọn obìnrin ibẹ̀ a sì sè é fún wọn. Láti ọwọ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí ni oúnjẹ tí Róòmù fi ń yangàn lónìí ti jáde. Ìrù màlúù ni olórí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní coda alla vaccinara. Wọn a sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí iná jẹ́jẹ́, pẹ̀lú tòmátì, wáìnì àti ewéko kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́lẹ́rì, títí ẹran yóò fi máa bọ́ kúrò lára egungun. Àwọn mìíràn a fi kòkó díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkó, ẹ̀yin ará Oǹdó! Èyí tí mo jẹ, nígbà tí mo mú egungun rẹ̀ lọ́wọ́, mo wò yíká bóyá wọn yóò fi ojú ọmọ tí a kò kọ́ wò mí, mo sì rí i pé ọkùnrin tí ó jókòó kọjú sí mi, tí ó wọ kóòtù àti táì, ti ń fa ọ̀rá inú tirẹ̀ mu.

Ṣàkì ńkọ́? Wọn a gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sè é nínú tòmátì, wọn a sì bu wàràkàṣì àgùntàn lé e lórí pẹ̀lú ewé olóòórùn dídùn kan. Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ wọn ní ètò: gnocchi ní Ọjọ́bọ̀, ẹja ní ọjọ́ Ẹtì nítorí pé ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran ní ọjọ́ náà ní àtijọ́, ṣàkì ní ọjọ́ Sátidé. Àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ mìíràn ṣì ń tẹ̀lé e. N kò ní tan yín jẹ: ata kò tó níbẹ̀ rárá fún ẹnu Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó fọ ṣàkì náà mọ iṣẹ́, nítorí pé ó funfun, kò sì ní òórùn kankan. Ẹni tí ó bá ti fọ ṣàkì rí yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Ìfun pẹ̀lú wà. Pajata ni orúkọ rẹ̀, ìfun ọmọ màlúù tí kò tíì jẹ koríko, tí wàrà tí ó mu lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn wèrè màlúù gbòde ní Yúróòpù, òfin dá a dúró ní ọdún 2001, ọdún 2015 ni ó sì tó padà sórí tábìlì. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá náà, inú àwọn àgbà Róòmù kò dùn. Pọ̀nmọ́ nìkan ni n kò rí. Awọ wọn, bàtà àti báàgì ni wọ́n ń fi ṣe, ìyá wa ti Balógun sì ti mọ èyí jù mí lọ.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níhìn-ín. Oúnjẹ makaróònì mẹ́rin ni Róòmù fi ń pe ara rẹ̀ ní Róòmù: cacio e pepe, gricia, amatriciana àti carbonara. Mẹ́ta ìkẹyìn ni ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní guanciale. Wọn kò ní sọ fún yín, nítorí pé lójú tiwọn kò sí ẹni tí kò mọ̀. Àkọ́kọ́ nìkan ni kò ní ẹran, wàràkàṣì àgùntàn àti ata dúdú lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìrù màlúù pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọbẹ̀ rẹ̀, wáìnì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́ gbólóhùn yìí sórí: “Non mangio maiale.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ wí i kí ẹ tó jókòó dáadáa, wọn yóò sì tọ́ yín sọ́nà.

Amatriciana tí mo dárúkọ yẹn, ìlú kékeré orí òkè kan tí ń jẹ́ Amatrice ni ó ni ín. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè náà, ìlú náà sì wó lulẹ̀. Àwọn tí ó kú ní gbogbo agbègbè náà tó nǹkan bí 300. Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ará ìlú ń múra láti ṣe àjọ̀dún oúnjẹ wọn yìí. Kí ni àwọn olóúnjẹ ṣe? Káàkiri ilẹ̀ Ítálì àti ní òkèèrè, wọ́n kéde pé nínú owó àwo amatriciana kọ̀ọ̀kan tí a bá tà, yúrò méjì yóò lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé wó mọ́ lórí: ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni tí ó jẹun, ọ̀kan láti ọwọ́ ẹni tí ó sè é. Mo fẹ́ràn ètò yìí ju ọ̀pọ̀ ìdáwó tí mo ti rí lọ, nítorí pé olùtà àti olùrà ni ó jọ gbé e.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé oúnjẹ Ítálì ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tòmátì tí wọ́n ń fi ṣe ọbẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó ti wá, gẹ́gẹ́ bí ata rodo àti gbágùúdá tiwa náà ti ti ibẹ̀ wá. Ilẹ̀ Ítálì fúnra rẹ̀ kò di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo títí di ọdún 1861. Kí ó tó di ìgbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá ọbẹ̀ tirẹ̀ sè. Ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan kì í ṣe alásè, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Oníṣòwò ni. Pellegrino Artusi ni orúkọ rẹ̀, ìlú Forlimpopoli ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1820, ó sì ṣòwò ní Florence títí ó fi là. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí a ti ń se oúnjẹ. Àwọn tí ń tẹ ìwé kọ̀ ọ́, ó sì fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1891, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn obìnrin inú ilé láti ìlú oríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé sí i láti sọ bí àwọn ti ń se tiwọn, òun náà sì ń fi kún ìwé rẹ̀, títí ó fi di 790 ọ̀nà ìsebẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1911. Ó fi èrè ìwé náà sílẹ̀ fún àwọn méjì tí ó bá a dáná nínú ilé rẹ̀.

Mo rántí ọkùnrin yìí nígbà tí mo ń jẹ ìrù màlúù náà, ọkàn mi sì gbọgbẹ́ díẹ̀. Ta ni ó ti lọ bá àwọn ìyá wa ní Ìjẹ̀bú kí ó kọ bí wọ́n ti ń se ìkọ́kọrẹ́ gan-an sílẹ̀, ìwọ̀n iyọ̀ àti ìwọ̀n epo, àti ìdí tí ti ilé yìí fi yàtọ̀ sí ti ilé kejì? Àwọn kan ti gbìyànjú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Àwọn ìyá náà ń kú, ọwọ́ wọn ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé yín ní ìyá àgbà nílé. Ẹ fún wọn ní ìwé àjákọ, kí wọ́n lọ jókòó tì wọ́n lẹ́bàá ààrò ní ìsinmi tí ń bọ̀.

Bí ìyá wa ti Balógun bá dé apá àríwá, ní agbègbè Vicenza, kí ó béèrè baccalà. Pánla ni, pánla tí a sá gbẹ nínú òtútù Nọ́wè, irú èyí tí àwa náà ń rà. Ìtàn wọn ni pé ọ̀gákọ̀ kan láti Venice tí ń jẹ́ Pietro Querini ni ìjì gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí erékùṣù àwọn apẹja ní Nọ́wè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1432, tí ó sì rí bí wọ́n ti ń sá ẹja níbẹ̀. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọn a sì sè é nínú wàrà àti òróró títí yóò fi rọ̀. Títí di òní, Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tí ń ra pánla Nọ́wè jù lọ. A jọ ń pàdé ní ọjà kan náà láìmọ ara wa.

Bí a ti ń jẹ ẹ́ kò le. Fọ́ọ̀kì nìkan ni kí ẹ fi wé sùpàgẹ́tì, díẹ̀díẹ̀, létí àwo. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gé e. Lójú wọn ó dàbí ẹni tí ó ń fi ọ̀bẹ gé iyán. Bí ọbẹ̀ bá ṣẹ́kù sínú àwo, ẹ já búrẹ́dì, ẹ fi nu ún mọ́ tónítóní. Ní ilé oúnjẹ ìdílé, inú ìyá tí ó sè é yóò dùn bí ó bá rí i. Wọ́n ní orúkọ fún èyí: “fare la scarpetta,” ìyẹn ni pé kí a ṣe bàtà kékeré. Ìyá oníbàtà wa, ẹ rí i pé wọ́n ti ń retí yín!

Ó ku owó. Wọn kì í gbé ìwé owó wá bí ẹ kò bá béèrè, nítorí pé lójú wọn, ìyẹn ni kí a lé àlejò. Ẹ̀yin ni ẹ óo wí pé “Il conto, per favore.” Bí ó bá dé, ẹ kà á. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹ óo rí “coperto” níbẹ̀, owó ìjókòó àti búrẹ́dì, tí í máa jẹ́ yúrò kan sí mẹ́ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé oúnjẹ tí ẹ kọ́kọ́ kà. Ní agbègbè Lazio tí Róòmù wà, òfin ọdún 2006 ní kí wọ́n má gba coperto mọ́, nítorí náà owó búrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ dípò rẹ̀. Bí ẹ bá rí “servizio,” wọ́n ti gba owó agbáwo nìyẹn, ẹ kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Níbi tí kò bá sí, owó ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn a máa fi owó ẹyọ díẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ibi tí páńpẹ́ wà ni ẹja. Bí ẹ bá rí “etto” lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, gíráàmù 100 péré ni owó yẹn wà fún; kì í ṣe odidi ẹja. Ẹja kan lè tó gíráàmù 800, ẹ óo sì san án ní ìlọ́po mẹ́jọ. “S.Q.” pẹ̀lú, ìwọ̀n ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ìròyìn kan káàkiri ayé pé àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin láti Jàpáánù san yúrò 1,100 ní ilé oúnjẹ kan ní Venice nítorí ẹran màlúù àti àwo ẹja díndín. Ẹ̀yin tí kò jẹ́ fi ojú ra ìrẹsì láìwọ̀n ọ́n, ẹ ṣe ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹja náà wá, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú yín, kí wọ́n sì dárúkọ owó rẹ̀ kí iná tó kàn án. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn ará ìlú pàápàá ń ṣe é. Ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ san kí ẹ tó dìde.

Kọfí ni yóò kẹ́yìn, nínú ife kékeré tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé, dúdú, ó sì korò. Aláwọ̀ wàrà, tí wọ́n ń pè ní cappuccino, òwúrọ̀ ni wọ́n ń mu ún. Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn ìrù màlúù, wọn yóò gbé e wá, ṣùgbọ́n wọn yóò wo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, bí onílé bá rí i pé ẹ jẹun tẹ́rùn, ó lè gbé ìgò kékeré kan wá tí kò ní gba owó rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọtí náà ni apakọfí. Ẹni tí kì í mu ọtí yóò fi ọwọ́ kan àyà, yóò sì wí pé “Grazie.” Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.